Iná Ẹ̀yìn Dúdú Àna Àgbà

Ṣé ẹ ti bi ara yín léèrè rí, kí ló kó òwe yìí sí àwọn àgbà Òkè-Awà lẹ́nu, tí wọ́n fi ń sọ pé, "Ẹni tó fi ọ̀dà dúdú kun iná ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, kó má pe ará ẹ̀yìn ní afọ́jú"? Àwọn ọmọdé máa ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òkú wà nínú ìtàn yìí, opó wà nínú rẹ̀, eegun tó dá náà sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rọra rín in.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Bámgbóyè. Kì í ṣe olè, kì í ṣe ọ̀mùtí. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: ó fẹ́ kí ojú ayé máa wo òun. Ó ní ọkọ̀ dúdú kan tó máa ń nù láàárọ̀, tó tún máa ń nù lálẹ́. Ó kọ́ ìbòji onípáànù fún ọkọ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, páànù tuntun tí omi kò lè gbà kọjá. Nínú ilé ńkọ́? Òjò ń kán sórí ibùsùn. Mojírọ́lá ìyàwó rẹ̀ gbé abọ́ kan sí ìhà orí, ó gbé òmíràn sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, tí abọ́ méjèèjì sì kún, ó jáde wo ọkọ̀ tó jókòó sí gbígbẹ lábẹ́ páànù rẹ̀. Ó padà wọlé, ó di ẹrù.

"Níbo lò ń lọ?" Bámgbóyè bi í.

"Ilé bàbá mi. Ọjọ́ tí o bá ń tọ́jú mi bí o ṣe ń tọ́jú ọkọ̀, wá mú mi."

Kò tíì padà nígbà tí bàbá rẹ̀ kú sí ilé ìwòsàn nílùú ńlá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà Òkè-Awà fún yín, nítorí àṣà yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé lórí. Bí ọmọ ìlú bá kú sí ìdálẹ̀, wọn kì í kàn gbé e wálé bí àpò gààrí. Àna àgbà, ìyẹn ọkọ ọmọbìnrin tó dàgbà jù, ni ọkọ̀ rẹ̀ ń ṣáájú. Wọ́n ní ẹni tó gba ọmọ lọ́wọ́ ènìyàn ló yẹ kó mú un délé. Bí wọ́n bá dé oríta èyíkéyìí, àna á dúró, á sọ̀kalẹ̀, á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, á sọ ibi tí wọ́n dé fún olóògbé àti ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ yà sí, kí ó má baà ṣìnà. Ohunkóhun kò sì gbọdọ̀ gba àárín àna àti òkú kọjá, kì báà ṣe ewúrẹ́. Nítorí náà, ọkọ̀ iwájú á máa dúró ní gbogbo oríta, ọkọ̀ òkú á sì máa tẹ̀lé e pẹ́kípẹ́kí.

Mojírọ́lá ni ọmọbìnrin àgbà. Bámgbóyè ni àna àgbà. Adéwùsì, ẹ̀gbọ́n Mojírọ́lá lọ́kùnrin, ránṣẹ́ pè é. Bámgbóyè dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde," Adéwùsì wí. "Mi ò pè ọ́ wá jà. Ìwọ ni yóò ṣáájú Bàbá wálé. Màmá ni yóò sì jókòó sínú ọkọ̀ rẹ, nítorí wọ́n ní àwọn kò ní í jìnnà sí ọkọ àwọn. Bí o bá mú àwọn méjèèjì délé láìséwu, mi ò ní í dá ìyàwó rẹ dúró mọ́. Òun náà ti gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ṣe wọ́n lọ́wọ́ rẹ, má wulẹ̀ kí mi lọ́nà mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ ó rí ọkọ̀ lọ́jọ́ náà!"

"Ọkọ̀ kọ́ ni mo sọ. Màmá ni mo sọ."

Ẹni tó ní etí ì bá ti gbọ́. Bámgbóyè kúrò níbẹ̀, kò yẹ táyà wò, kò yẹ bíréèkì wò. Ohun tó ń rò lọ́nà ni pé, "Iwájú ọkọ̀ mi, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ìlú fi máa rí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni gbogbo ẹbí yóò máa wò láti mọ́ṣúárì títí dé ilé." Ó tẹjú mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, inú rẹ̀ kò dùn sí iná pupa méjì tó wà níbẹ̀. Ó wa ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Kásálì, ríwáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe, tó tún ń kun ọ̀dà.

"Wo iná yìí," ó wí. "Ọkọ̀ dúdú, iná pupa. Ó dà bí ojú ẹni tí àpólò mú. Bá mi fi ọ̀dà dúdú dídán kùn ún, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan."

"Ẹ̀gbọ́n, iná ni o."

"Ṣé kò ní í tàn mọ́ ni?"

"Á tàn. Ṣùgbọ́n á dà bí ẹ̀yinná tó wà lábẹ́ eérú."

Bámgbóyè dúró, ó ń wọn ọ̀rọ̀ náà. Ó gbé ẹwà sí ọwọ́ kan, ó gbé ààbò sí ọwọ́ kejì. Ẹwà rí ẹnu sọ̀rọ̀, ààbò kò rí. Bẹ́ẹ̀ ni ààbò ṣe máa ń ṣe. Kì í pariwo títí di ọjọ́ tí a bá wá a tì.

"Kùn ún," ó wí.

Kásálì kùn ún. Kò lè sọ pé òun kò mọ̀. Ó mọ̀, ó sì kùn ún, ìpín tirẹ̀ wà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ọ̀dà gbẹ, ó wọ inú ọkọ̀, ó tẹ bíréèkì. Bámgbóyè dúró lẹ́yìn lójú oòrùn, kò rí nǹkan kan. Ó súnmọ́ ọn. Ó bọ́ fìlà, ó fi fìlà ṣíji bo iná náà, ó wá gbé imú tì í bí ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀.

"Mo rí i! Ó wà níbẹ̀!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tẹrí ba kí ẹ tó rí i."

"Ẹni tó bá fẹ́ rí mi, kó tẹrí ba fún mi."

Bó ṣe kúrò lọ́dọ̀ Kásálì nìyẹn, tó ń fò fáyọ̀ bí ọmọdé lọ́jọ́ ọdún.

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́jọ́ tí wọ́n lọ gbé òkú. Ilẹ̀ ti mọ́, ṣùgbọ́n kùrukùru funfun bo gbogbo ọ̀nà bí ẹni ta aṣọ sí i. Bámgbóyè wà níwájú, ìyá ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ nínú aṣọ opó dúdú. Ọkọ̀ òkú tẹ̀lé e, ọkọ̀ gbọọrọ kan tí wọ́n ti yọ àga ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà rẹ̀ kúrò kí pósí lè rí ibi nà sí. Orí pósí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà bí èrò tó sanwó iwájú. Àlàbá ni wọ́n ń pe dírẹ́bà náà, àgbàlagbà kan tó lè bí Bámgbóyè. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bọ́ọ̀sì ẹbí wà, Adéwùsì àti Mojírọ́lá wà níbẹ̀.

Wọ́n dé oríta Alágbẹ̀dẹ. Bámgbóyè tẹ bíréèkì. *Gbì!* Ọkọ̀ òkú fi imú gbá a nídìí.

Bámgbóyè bẹ́ jáde. "Ìwọ bàbá yìí, ṣé ojú ẹ fọ́ ni?"

Àlàbá yọrí síta. "Ọ̀gá, ẹ má bínú. Mi ò rí iná. Ìgbà tí ìdí ọkọ̀ yín fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ẹnu mi ni mo tó mọ̀ pé ẹ ti dúró."

"Iná wà níbẹ̀!"

"Níbo, ọ̀gá?"

"Tẹrí ba, wàá rí i."

"Èmi tí mò ń wa ọkọ̀ ni kí n tẹrí ba?"

Bámgbóyè fi áńkáṣíìfù nu ibi tó ha, ó wá lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, ó fi ohùn ẹ̀sìn sọ̀rọ̀: "Bàbá, oríta Alágbẹ̀dẹ rèé o. Ọ̀tún la ó yà. Ẹ má bínú sí ohun tó gbò yín. Afọ́jú ni dírẹ́bà tí wọ́n fún yín."

Adéwùsì sọ̀kalẹ̀ láti inú bọ́ọ̀sì. "Kí ló dé?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kìlọ̀ fún afọ́jú yìí."

Adéwùsì kò tíì wo ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Ó ní kí Àlàbá fi àyè díẹ̀ sílẹ̀. Àlàbá fi àyè sílẹ̀, kùrukùru sì gba àyè náà. Kò pẹ́, ọlọ́kadà kan tó di àgò adìẹ mọ́ ẹ̀yìn yọ láti ọ̀nà oko, ó bọ́ sáàárín ọkọ̀ méjèèjì. Kò mọ̀ pé àna ń ṣáájú òkú. Ẹnu oríta Ọlọ́pọ̀n ni Bámgbóyè ti dúró. Ọlọ́kadà kò dúró ní tirẹ̀.

Gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀ fọ́ yángá. Àgò tú. Adìẹ gba ojú gíláàsì wọlé, òmíràn bà lé orí itan ìyá, òmíràn wá ibi ìtìsẹ̀ wọ̀. Ọlọ́kadà wà nílẹ̀, orúnkún rẹ̀ bó.

"Yéè! Ṣé ọkọ̀ nìyí àbí òjìji?"

"Ìwọ náà tún fọ́jú!" Bámgbóyè pariwo.

"Ojú mi là kedere! Ṣebí mo ń wo adìẹ mi nínú ọkọ̀ rẹ!"

Iná pupa kékeré ẹ̀yìn ọ̀kadà tó ṣubú náà ni Àlàbá rí lójú ọ̀nà, ìyẹn ló jẹ́ kó rí ọkọ̀ òkú dá dúró. Bọ́ọ̀sì náà dúró. Gbogbo ẹbí sọ̀kalẹ̀, wọ́n káwọ́ lérí, nítorí èèwọ̀ ti ṣẹlẹ̀.

"Adìẹ gba àárín ìwọ àti Bàbá kọjá!" Adéwùsì wí. "Bámgbóyè, adìẹ!"

Ìyá rọra gbé adìẹ kúrò lórí itan, ó sọ̀kalẹ̀, ó gbọn gíláàsì kúrò lára aṣọ. Òun ló kọ́kọ́ tẹjú mọ́ iná náà.

"Ọmọ mi, kí lo fi sí ibí yìí?"

"Ọ̀ṣọ́ ni, Màmá."

"Wá ọ̀bẹ, kí o fá ọ̀ṣọ́ yìí kúrò."

"Fá a," Adéwùsì wí. "Kíá. Àlùfáà ń dúró, ibojì ti là sílẹ̀."

Ọlọ́kadà fúnra rẹ̀ ló mú ọ̀bẹ jáde, ọ̀bẹ tó fi ń gé okùn àgò. Mojírọ́lá súnmọ́ ọkọ rẹ̀. Láti ìgbà òjò ni kò ti súnmọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Bámgbóyè, dákun, fá a. Nítorí Màmá."

Ẹ wò ó bí ìgbàlà ṣe súnmọ́ ènìyàn tó! Ìyàwó rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ọ̀bẹ lé ọ̀dà náà, ó rí ojú ara rẹ̀ nínú dídán rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì wálẹ̀.

"Bí mo bá fá a báyìí, á rí ràkọ̀ràkọ̀. Ìlú ti tò sí ẹnu ibodè. Wọ́n á ní ọkọ̀ Bámgbóyè ń ṣe làpálàpá. Ẹ gbọ́, mo ti mọ ohun tí a ó ṣe. Àlàbá á súnmọ́ mi padà kí nǹkan kan má gba àárín wa kọjá mọ́. Màmá, bí mo bá ti fẹ́ tẹ bíréèkì, màá pariwo pé 'Màmá!' Kí ẹ na ọwọ́ síta láti fèrèsé, kí ẹ máa ju gèlè yín."

Ìyá wò ó títí. "Ṣé èmi ni iná bíréèkì?"

"Fún ìgbà díẹ̀ ni, Màmá."

Mojírọ́lá yí padà, ó wọ inú bọ́ọ̀sì. Adéwùsì ì bá jà, ṣùgbọ́n oòrùn ti ń gòkè, òkú wà lójú ọ̀nà, a kì í sì í fi òkú sílẹ̀ jà. Ìyá, tí kò fẹ́ kí ìjà bẹ́ sílẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀, padà wọ ọkọ̀. Ó tú gèlè opó rẹ̀, ó dì í mú lọ́wọ́. Gèlè náà dúdú. Ọkọ̀ náà dúdú. Bámgbóyè kò ro ìyẹn. Wọ́n ní kí Àlàbá, tó wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, súnmọ́ iwájú padà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò sọ ohun tí gèlè náà túmọ̀ sí fún un.

Kí ẹ tó dé Òkè-Awà, òkè kan wà tí ọ̀nà rẹ̀ dà sílẹ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Oríta tó kẹ́yìn wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an. Ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Bámgbóyè rí oríta.

"Màmá!"

Ìyá na ara sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó na ọwọ́ síta, ó ń ju gèlè. Àlàbá kò rí gèlè, ọwọ́ ló rí nínú kùrukùru. Ẹ̀yin tí ẹ ti wa ọkọ̀ rí mọ èdè àwọn dírẹ́bà lójú ọ̀nà: ẹni tó bá na ọwọ́ síta tó ń jù ú, ohun tó ń sọ ni pé ọ̀nà dára, máa bọ̀. Àlàbá dúpẹ́ lọ́kàn rẹ̀ pé ìyá ṣàánú òun. Ó fẹsẹ̀ tẹná.

Ariwo náà dé ibodè ìlú. Imú ọkọ̀ òkú wó sẹ́yìn, ó sì há ẹsẹ̀ Àlàbá mọ́ abẹ́ ìdarí. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ Bámgbóyè ká mọ́ apá ìyá, eegun rẹ̀ dá. Pósí kò dúró síbi tí wọ́n fi í sí. Ó fọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀ òkú, ó yọ̀ gba orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gba ojú gíláàsì tí ọlọ́kadà ti fọ́ sílẹ̀, ó sì fi orí lélẹ̀ sórí àga tí ìyá jókòó sí. Bó bá jẹ́ pé ìyá jókòó ṣánṣán ni, tí kò na ara sí fèrèsé, òkú méjì là bá sin lọ́jọ́ náà. Bọ́ọ̀sì ẹbí ńkọ́? Dírẹ́bà rẹ̀ rí iná pupa ẹ̀yìn ọkọ̀ òkú kedere, ó dúró láì fara kan ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ tó ń gbé òkú mọ bí a ṣe ń dáàbò bo alààyè ju ọkọ̀ àna àgbà lọ.

Bámgbóyè jáde, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn níwájú orí rẹ̀. Kò lọ sọ́dọ̀ ìyá. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló lọ. Ó rí iná rẹ̀ méjèèjì tó fọ́ wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Orí rẹ̀ gbóná. Ó yíjú sí Àlàbá kó bú u, ṣùgbọ́n Àlàbá ń kérora nìkan ni, kò lè dáhùn. Ìbínú tó ti gòkè dé ọ̀fun sì gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ẹnì kan. Ó yíjú, ó rí pósí nínú ọkọ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀yin náà, Bàbá! Ṣé ojú yín fọ́ ni?"

Ìyá tó ń ké gbé igbe mì. A ti gbọ́ tí ènìyàn bú dírẹ́bà. A ti gbọ́ tí ènìyàn bú ọlọ́kadà. Ṣùgbọ́n ta ló ti gbọ́ ọ rí kí ènìyàn bú àna rẹ̀, àna tó ti kú, nínú pósí, lójú ọ̀nà ibojì, kó sì pè é ní afọ́jú?

Adéwùsì bọ́ fìlà rẹ̀. Kò pariwo.

"Bámgbóyè," ó wí, "kúrò níwájú Bàbá."

Àwọn ọkùnrin ẹbí fa pósí jáde, wọ́n gbé e lé èjìká, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílùú. Kò sí àna tó ṣáájú. Wọ́n fi igi yọ ẹsẹ̀ Àlàbá, wọ́n gbé e sínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ìyá. Ẹsẹ̀ náà kò tẹ bíréèkì mọ́ láéláé. Ìyá, tó ní òun kò ní í jìnnà sí ọkọ òun, ilé àwọn tó ń to eegun ló wà nígbà tí wọ́n ń da erùpẹ̀ bo ọkọ rẹ̀. Kò rí i kẹ́yìn. Èyí kì í ṣe ohun ẹ̀rín, ẹ má rín in.

Mojírọ́lá nìkan ló kù lójú ọ̀nà. Bámgbóyè dojú bolẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú eruku àti gíláàsì.

"Mojí, dákun. Ẹ̀rù ló bà mí. Mi ò mọ ohun tí mo ń sọ. Ìwọ náà ṣáà mọ̀ pé mo mọ̀ pé Bàbá kò fọ́jú."

"Bàbá mi kò fọ́jú," Mojírọ́lá dá a lóhùn. "Wọ́n ríran títí wọ́n fi kú. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ojú wọn ṣókùnkùn láyé, ọjọ́ tí wọ́n fi mí fún ọ."

Ó gbé ẹsẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì tẹ̀lé pósí bàbá rẹ̀ lọ. Kò wẹ̀yìn. Kò sì padà sílé Bámgbóyè títí di òní.

Láti ọjọ́ náà, kí àna kankan tó ṣáájú òkú ní Òkè-Awà, àgbà kan á kọ́kọ́ lọ dúró sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, á ní, "Tẹ bíréèkì, ọmọ mi." Bí iná bá pọ́n, wọ́n á lọ. Bí kò bá pọ́n, wọ́n á ní kí àna náà lọ bá àwọn ọmọdé jókòó nínú bọ́ọ̀sì. Bó bá sì fẹ́ ṣàlàyé bí ọ̀dà náà ṣe dán tó, wọn kì í bá a jiyàn. Wọ́n á kàn wò ó láti òkè délẹ̀, wọ́n á ní: "Ẹni tó fi ọ̀dà dúdú kun iná ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, kó má pe ará ẹ̀yìn ní afọ́jú. Pàápàá jù lọ, bó bá jẹ́ pé àna rẹ̀ ni ará ẹ̀yìn ọ̀hún."